Bí a ṣe ń pèsè fọ́tò sílẹ̀ fún fídíò ojú gbòòrò

Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ ṣe fídíò ìrántí fún ìyá wọn tó ti lọ, tàbí èyí tí wọn yóò fi hàn níbi ayẹyẹ àádọ́rin ọdún bàbá wọn, fọ́tò ni ó sábà máa ń pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, kò sì sí èyí tí wọ́n yà fún ojú tẹlifíṣọ̀n òde òní nínú wọn. Ìbú tẹlifíṣọ̀n jẹ́ 16 sí gíga 9. Fọ́tò orí fóònù sábà máa ń jẹ́ 4 sí 3, ti kámẹ́rà ńlá a sì máa jẹ́ 3 sí 2. Bí a bá kàn kó wọn wọlé bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ni yóò pinnu ibi tí yóò gé dànù tàbí ibi tí yóò fi dúdú dí, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà kò mọ ẹni tó wà nínú fọ́tò. Ẹni tó ń ṣe fídíò ló yẹ kó ṣe ìpinnu yìí fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan kí ó tó kó wọn wọlé.

Iye píksẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ni a ó kọ́kọ́ wò. Fídíò HD kíkún jẹ́ píksẹ́lì 1920 ní ìbú àti 1080 ní gíga. Ti 4K jẹ́ 3840 àti 2160. Fọ́tò tí yóò dúró lójú kan kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí àwòrán máa sún mọ́ ojú bàbá díẹ̀díẹ̀ títí tí ìdajì fọ́tò náà yóò fi kún ojú tẹlifíṣọ̀n, ìbú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 3840 nínú fídíò HD, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú bàbá kò ní hàn kedere. Kí a dín àwọn tí kò ní sún kù sí ìwọ̀n tí a nílò, nítorí ọ̀pọ̀ fọ́tò ńláńlá a máa mú kí kọ̀ǹpútà falẹ̀.

Fídíò kò ka iye DPI (iye píksẹ́lì inú ínǹṣì kan) tí wọ́n kọ sára fáìlì sí rárá. Iye píksẹ́lì nìkan ló ń wò. Ibi tí DPI ti wúlò ni ìgbà tí a bá ń fi ẹ̀rọ skánà ya fọ́tò inú álíbọ́ọ̀mù. Fọ́tò tó jẹ́ ínǹṣì 6 sí 4, bí a bá yà á ní 300, yóò fún wa ní 1800 sí 1200, tí kò tó ìbú HD. Ní 600, yóò di 3600 sí 2400, ìyẹn sì tó. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kékeré, èyí tó jẹ́ òun nìkan ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní nípa àwọn àgbà wọn, ni kí a yà ní 1200. Ní ti èyí tí ẹbí ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, nítorí bí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp yóò fún un pọ̀, píksẹ́lì rẹ̀ yóò sì dín kù.

Gígé ni iṣẹ́ tó gba sùúrù jù. Bí a bá gé fọ́tò 4000 sí 3000 kí ó lè bá 16 sí 9 mu, yóò di 4000 sí 2250: ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Nínú fọ́tò òde àríyá wa, òkè ibẹ̀ gan-an ni gèlè wà. Ìyá tí wọ́n gé gèlè rẹ̀ láàbọ̀ kò dà bí ẹni tó múra, inú àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ní dùn sí i. Nítorí náà, ẹ má fi ìwọ̀n kan náà gé gbogbo fọ́tò pọ̀. Ẹ gbé àpótí ìgé sókè tàbí sísàlẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ aṣọ ni yóò lọ. Bí gèlè àti ojú kò bá lè gba ibẹ̀ pọ̀, tàbí tí fọ́tò bá wà ní òòró, ẹ má gé e rárá. Ẹ fi odindi rẹ̀ sáàárín, kí gíga rẹ̀ jẹ́ 1080, kí ẹ sì fi àwọ̀ kan ṣoṣo tó rọlẹ̀ dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn láti fi fọ́tò náà fúnra rẹ̀, tí wọ́n ti fi blur sí kó má hàn kedere, ṣe ẹ̀yìn; èmi kò gbà á nímọ̀ràn, nítorí ó máa ń fa ojú kúrò lára ẹni tí à ń wò. Ṣùgbọ́n kí a fa fọ́tò gbòòrò kó lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n ló burú jù, nítorí yóò sọ ènìyàn di ẹlòmíràn.

Léèsì àti àdìrẹ tí iṣẹ́ ara wọn wẹ́ a máa ta yẹ́ríyẹ́rí bí àwòrán bá ń rìn. Bí a bá fi ètò àtúnṣe fọ́tò bíi GIMP fi blur díẹ̀ sí ibẹ̀, yóò rọlẹ̀.

Kí a tọ́jú fáìlì sí JPEG tó dára, nínú àwọ̀ sRGB, èyí tí ojú kọ̀ǹpútà sábà máa ń lò. Fọ́tò tó ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe ìwé ètò ìsìnkú wá lè wà ní CMYK, ìyẹn àwọ̀ tí a fi ń tẹ̀wé, kí a yí i padà kó tó wọlé. Bákan náà ni kí a yí irú fáìlì fọ́tò tí wọ́n ń pè ní HEIC, tó ti orí iPhone wá, padà sí JPEG. Kí ìpìlẹ̀ gbogbo fọ́tò wà nínú fódà ọ̀tọ̀ tí a kò fọwọ́ kàn, kí orúkọ èyí tí a tún ṣe sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 001, 002, bí wọn yóò ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó bá ń lo Premiere Pro, ètò tí a fi ń to fídíò pọ̀, kí ó yan Set to Frame Size dípò Scale to Frame Size, nítorí èkejì yìí a máa dá fọ́tò padà sí ìwọ̀n fídíò, gbogbo píksẹ́lì tí a tọ́jú fún sísún yóò sì ṣòfò.