Ọdún Wo Ni Wọ́n Ṣe Gírámafóònù Yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Gírámafóònù bàbá bàbá wa wà nílé wa l'Òṣogbo, àpótí olọ́wọ́ tó ṣeé gbé kiri ni, wíwáìn ni wọ́n ń wáìn ín. Orúkọ tó wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ní ìgbà tí rélùwéè dé ìlú ní 1907 ni wọ́n rà á. Àwo orin Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti tí ilé-iṣẹ́ Zonophone gbà sílẹ̀ ní London ní 1922 sì wà nínú rẹ̀. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gba ọ̀kankan. Orúkọ abẹ́ ìdérí lè jẹ́ ti ẹni tó tà á lásán. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké nígbà náà kì í rọ ẹ̀rọ fúnra wọn; wọ́n á ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ Garrard, Thorens tàbí Paillard, wọ́n á kàn án mọ́ àpótí, wọ́n á wá lẹ orúkọ tó wù wọ́n mọ́ ọn. 1907 ti jìnnà sẹ́yìn jù: ẹ̀rọ Decca tó sọ irú alápòótí olọ́wọ́ báyìí di ìlúmọ̀ọ́ká, 1914 ló jáde. Àwo ní tirẹ̀ kò ṣẹ̀rí ẹ̀rọ, èèyàn lè ra àwo ọdún 1922 ní 1935.

Ẹ jẹ́ kó yí títí agbára sípíríìnì á fi tán, kí ẹ tó tú síkúrù kankan. Ẹ gbé pẹpẹ tó ń yí, tí wọ́n ń gbé àwo lé, kúrò, kí ẹ wá àmì tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wo orí tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀. Ṣé ohun tó mọ́ gaara bíi dígí, tó ṣeé yà ní ìpele-ìpele, ló wà láàárín rẹ̀, àbí irin funfun fẹ́lẹ́?

Ìbéèrè: Irin funfun ni, sà, ó ní ìlà roboto-roboto. «D.R.G.M.» ni wọ́n tẹ̀ sábẹ́.

Ìdáhùn: Àmì Jámánì nìyẹn, ti àwòṣe tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba wọn. Láti 1891 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, nítorí náà ìlú tó ti wá ló sọ, kò sọ ọdún. Orí yẹn ló sọ ọdún fún wa: alumíníọ̀mù ni irin funfun inú rẹ̀, nǹkan bíi 1925 síwájú ló gbòde. Bí wọn ò bá pààrọ̀ orí náà rí, mo fi í sí àárín 1925 sí 1939, kí Ogun Hítílà tó dí ọ̀nà ọjà Jámánì.

Ìbéèrè: Ó máa ń dún «gbì» bó bá ń yí. Ṣé kí n ṣí i?

Ìdáhùn: Gíríìsì inú àgbá sípíríìnì ló gbẹ. Ẹ má ṣí àgbá yẹn fúnra yín, sípíríìnì inú rẹ̀ lè ta jáde kó ya ọwọ́ yín. Ẹ má sì tíì gbé àwo Ransome-Kuti sórí rẹ̀ rárá. Ó ṣọ̀wọ́n ju ẹ̀rọ náà lọ, abẹ́rẹ́ irin tó ti kú yóò ha á.