Tí wọ́n bá fẹ́ kọ́lé sórí pápá àdúgbò yín l'Ékìtì, ẹ ṣe báyìí

Ẹ̀yin ará Adó, tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n ti ń ri bíkìn, ìyẹn òpó kékeré tí wọ́n fi ń sàmì sí ààlà ilẹ̀, mọ́ inú pápá táwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ má tíì pariwo o, ẹ fi fóònù ya nọ́ńbà orí ẹ̀ kí òjò tó fi ẹrẹ̀ bò ó. Ẹ wá kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ìlú, ẹ ní ẹ fẹ́ rí máàpù àdúgbò, òfin FOI ti 2011, ìyẹn òfin tó jẹ́ kí aráàlú lè béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, lẹ fi ń béèrè, ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Kọ́pì méjì ni o, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tiyín, torí tèmi lọ́jọ́sí, wọ́n láwọn ò rí lẹ́tà kankan, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi ni mo gbé e sórí tábìlì wọn!

Ẹ má gbára lé "ilẹ̀ bàbá wa ni" jù, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ti kó ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Ibi tí àgbàrá máa gbà tí wọ́n bá kọ́lé dí i ni kẹ́ ẹ tẹnu mọ́. Ẹ gba sáìnì lójúlé lójúlé sórí ìwé ẹ̀hónú yín, ẹ mú un lọ bá kábíyèsí. Tí katapílà bá fẹ́ wọlé, lọ́yà ni kẹ́ ẹ sáré wá, kó lọ gba àṣẹ ìdádúró ní kóòtù.