Tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìdíje orin tẹlifíṣọ̀n, má jẹ́ kí Dìsẹ́ńbà já ẹ jù sílẹ̀

Àbúrò mi, o ti padà sí Súrùlérè, gbogbo àdúgbò ń kí ẹ, àwọn ọmọdé ń bá ẹ ya fọ́tò, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ariwo tẹlifíṣọ̀n kì í pẹ́ tutù.

Kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà. Ní UK láàárín 2005 sí 2009, àárín Dìsẹ́ńbà ni X Factor, ìdíje orin tẹlifíṣọ̀n wọn, máa ń parí, orin ẹni tó wọlé á jáde lójú ẹsẹ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò tán náà ló máa sáré rà á. Bí àwọn tó wọlé ṣe gba nọ́ńbà wan Kérésì, ìyẹn orin tó tà jù lọ́sẹ̀ Kérésì, láti 2005 dé 2008 nìyẹn: Shayne Ward, Leona Lewis, Leon Jackson, Alexandra Burke. Tiwa ńkọ́? Nigerian Idol ti 2021, July ló parí, kí Dìsẹ́ńbà tó dé àwọn èèyàn ti ń wo nǹkan mí ì. Iyanya gba Project Fame ní 2008, ó tó bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kí orin ẹ̀ Kukere tó gba ìlú.

Nítorí náà, kí ariwo ìdíje yẹn tó tutù, kó gbogbo àwọn tó dìbò fún ẹ sí gúrúùpù WhatsApp kan. Má fojú tín-ín-rín ẹ̀ o! Ní 2009, Joe McElderry ló gba X Factor, àmọ́ tọkọtaya kan kó èèyàn jọ lórí Facebook pé kí wọ́n ra orin Rage Against the Machine ti 1992, orin àtijọ́ yẹn ló gba Kérésì mọ́ ọn lọ́wọ́.

August, wọ stúdíò. Má ṣe orin kárọ́ọ̀lù, tọjú ìyẹn fún ṣọ́ọ̀ṣì, orin tí wọ́n máa jó ní òwàḿbẹ̀ àti ní bíìṣì ni kó o ṣe. Fi síta ní Jímọ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ November, torí Jímọ̀ ni orin tuntun ń jáde káàkiri ayé, kó o sì ti fi ránṣẹ́ sí Spotify ó kéré tán ọjọ́ 7 ṣáájú. Tó o bá dúró di 20 Dìsẹ́ńbà, àwọn ọ̀gá olórin ti dí ọ̀nà pa bí Ojúẹ̀lẹ́gbà nírọ̀lẹ́.

TurnTable, àwọn tó ń to orin tó ń mókè jù ní Nàìjíríà, ń ka rédíò mọ́ stream, torí náà máa lọ sí iléeṣẹ́ rédíò fúnra ẹ. Má ra stream ayédèrú, mo sanwó ẹ̀ rí, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi yọ gbogbo ẹ̀ dànù, owó sì lọ. Tó o bá fi orin ránṣẹ́ sí DJ, fi fóònù pè é lọ́jọ́ Mọ́ńdè, má rò pé ó ti gbọ́ ọ. Àwọn dírẹ́bà dánfó Yábàá náà ṣì ń fi flash gbọ́ orin, pín in fún wọn.