Bí mo ṣe ṣe íntáfíù SCID látòkè délẹ̀

Iṣẹ́ ìwádìí kan ni mo wà, àwọn tó ń mutí gan-an tínú wọn ò sì dùn là ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n wá ní kí n kọ́ SCID-5. Fún ẹni tí ò bá gbọ́ ọ rí, ìbéèrè tí wọ́n ti tò sílẹ̀ ni, òun la fi ń mọ̀ bóyá èèyàn ní àìsàn ọpọlọ tàbí ìṣòro ọtí àti oògùn olóró, tó fi jẹ́ pé bí èmi bá bi í lónìí tí ẹlòmíì bi í lọ́la, ibì kan náà ló yẹ ká já sí. Láyé àtijọ́, dókítà méjì lè rí aláìsàn kan ṣoṣo kí orúkọ tí wọ́n máa fún àìsàn ẹ̀ má bára mu rárá, àfìgbà tí DSM-III, ìyẹn ẹ̀dà kẹta ìwé táwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń to àìsàn ọpọlọ, jáde ní 1980 tó to àmì àìsàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀.

Oríṣiríṣi irú íntáfíù yìí ló wà o. CIDI ti àjọ WHO, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni wàá ṣe kà á, kódà ẹni tí ò kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lè ṣe é tí wọ́n bá ti tréènì ẹ̀. MINI kúrú ní tiẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ni. SCID ló ń dá èèyàn lágara jù nínú wọn, torí lẹ́yìn tó o bá ka ìbéèrè tán o ṣì máa bèèrè tìẹ, wàá ní kí wọ́n fún ẹ lápẹẹrẹ, ìwọ fúnra ẹ lo sì máa pinnu. Ìyẹn ni pé kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni" tẹ́ni náà sọ lò ń máàkì, àmì àìsàn tó wà nínú ìwé lò ń máàkì, ṣé ó wà àbí kò sí. Mo bi ẹnì kan pé ṣé oorun ń dà yín láàmú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni gan-an, ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ síwájú ló jẹ́ pé ọmọ tuntun ló ń jí i lóru, tọ́mọ náà bá ti sùn òun náà á sùn fọnfọn. Ìyẹn ò wọlé.

Ká tó bẹ̀rẹ̀ mo ṣàlàyé nǹkan tá a fẹ́ ṣe, mo gba àṣẹ pé a máa gba ohùn sílẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé wọ́n lè ní àwọn ò dáhùn. Lẹ́yìn ẹ̀ ni apá àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti máa sọ ìtàn ara wọn, iṣẹ́, ilé, ìgbà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń sáré kọjá ibẹ̀ kí wọ́n lè tètè dé ibi ìbéèrè, èmi ò gbà fún wọn ṣá. Ibẹ̀ ni mo ti fa ìlà kan sórí bébà tí mo ń kọ ọdún sí i, ọdún tí ọtí bẹ̀rẹ̀, ọdún tí wọ́n fi dá a dúró, ìgbà tínú bà jẹ́, torí ìlà yẹn lo máa padà sí títí tí iṣẹ́ á fi parí.

Ti depression, ìyẹn àìsàn ìbànújẹ́ ọkàn, ò le púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán, àmì 5 nínú 9, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ inú tó bà jẹ́ tàbí kí nǹkan má wù ú ṣe mọ́, tí kò bá sí ìkankan nínú méjèèjì, ìwé fúnra ẹ̀ ló máa ní kó o fò ó. Tó bá kan ọ̀rọ̀ pípa ara ẹni, gbangba ni kó o bèèrè ẹ̀, bíbèèrè kọ́ ló máa fi í sí wọn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kó o tó jókòó ni kó o ti mọ dókítà tó o máa pè tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe ìgbà yẹn lo máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà.

Tó bá di ti ọtí, má bèèrè pé "ṣé ẹ máa ń mutí," wọ́n á ní rárá. Mo ní "báwo lẹ ṣe máa ń mutí yín?", ọ̀rọ̀ ń jáde. Àmì 11 ni wàá wò láàárín oṣù 12, tó bá ní 2 sí 3, ìṣòro ẹ̀ kéré, 4 sí 5 wà láàárín, 6 sókè ló le gan-an. Látìgbà tí DSM-5, ẹ̀dà karùn-ún ìwé yẹn, ti dé ní 2013, wàhálà pẹ̀lú òfin ò sí níbẹ̀ mọ́, kí ọkàn èèyàn máa fà sí ọtí ni wọ́n fi kún un. Tó bá jẹ́ oògùn tí dókítà kọ ni, tẹ́ni náà sì ń lò ó bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, pé ara ti mọ́ ọn lára tàbí pé ara ń gbọ̀n tó bá dá a dúró, àmì méjèèjì yẹn ò kà.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé: ṣé depression ló kọ́kọ́ dé ni àbí ọtí ló fà á? Mo padà sídìí ìlà mi. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ti dá ọtí dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù láàárín kan, mo wá ń bi wọ́n nípa àsìkò yẹn nìkan, báwo ni oorun, báwo ni oúnjẹ, ṣé inú ṣì ń bà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ṣì wà, kò tiẹ̀ yí padà. Tó bá ti kọjá nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tí ọtí dúró tó ṣì wà, ó ṣeé ṣe kó dá dúró láyè ara ẹ̀, tó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ń mu nìkan ló ń yọjú, ọ̀rọ̀ ọtí nìyẹn. Torí ibí yìí ni wọ́n ṣe PRISM, íntáfíù míì bíi SCID, àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ ju SCID lọ tó bá jẹ́ àwọn tó ń lo oògùn olóró ni, mi ò bá wọn jiyàn.

Lẹ́yìn náà ẹlòmíì gbọ́ ohùn tá a gbà sílẹ̀, ó máàkì tiẹ̀ láì wo tèmi. Gbogbo ẹ̀ ló bára mu àfi ti ọkàn tó ń fà sí ọtí, mo ní ó wà, ó ní ẹ̀rí tí mo gbà ò tó, pé àmì ìbéèrè ló yẹ kí n kọ síbẹ̀. A tún gbọ́ ibẹ̀ pa pọ̀, a fi àmì ìbéèrè sí i, mo sì pe ẹni náà padà láti bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.