Bí Honda C70 Àtijọ́ Bá Kọ̀ Tí Iná Ò Wá Lẹ́nu Púlọ́ọ̀gì

Tí Honda C70 àtijọ́, irú èyí tó ń lo kọ́ńtáàtì (irin kékeré méjì tó ń là, tó sì ń pa dé kí iná lè ta) àti bátìrì 6V, bá kọ̀ tí kò dáhùn, kọ́ìlì tuntun (ohun tó ń sọ iná di alágbára kó tó dé púlọ́ọ̀gì) tàbí bátìrì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ rà. Bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí tí kò kún orí èékánná lẹ́nu kọ́ńtáàtì ló sábà máa ń fa wàhálà náà. Bátìrì ò tiẹ̀ lọ́wọ́ sí iná púlọ́ọ̀gì máṣíìnì yìí rárá. Mágínẹ́ẹ̀tì, irin rìbìtì tó ń yí lápá òsì ẹ́ńjìnnì, ló ń pèsè iná ọ̀hún. Ẹ yọ bátìrì kúrò pátápátá, tí ara ẹ̀ bá dá, á ṣì dáhùn.

Púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Tí epo bá ti rin ín gbindin, epo ń débẹ̀, iná ni kò sí. Tó bá gbẹ táútáú, ẹ lọ wo kabúrétọ̀ ná. NGK C7HSA ló bá a mu, àlàfo ẹnu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.6 sí 0.7 mm. Ẹ nù ún, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú fìlà rẹ̀, ẹ fi irin ara rẹ̀ kan orí ẹ́ńjìnnì. Kó jìnnà díẹ̀ sí ihò tí ẹ ti yọ ọ́, torí ooru epo tó ń tú jáde níbẹ̀ lè gbiná. Ẹ ṣe é níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀, kí ẹ wá ta kíìkì. Iná búlúù tó ń ta pàrà là ń wá. Iná yẹ́lò tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè gbé ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ta kíìkì nígbà tí wáyà kọ́ìlì bá wà nínú afẹ́fẹ́ lásán o; iná tí kò ríbi gbà jáde á wá ibòmíì lù nínú kọ́ìlì, á sì bà á jẹ́.

Tí iná ò bá wá, ẹ yí fìlà púlọ́ọ̀gì kúrò lórí wáyà rẹ̀, ẹ gé bíi 5 mm kúrò lẹ́nu wáyà tó ti dípẹtà, kí ẹ yí i padà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo wáyà tó lọ sí súìṣì. Nígbà tí ẹ bá pa súìṣì, ńṣe ló ń da iná mágínẹ́ẹ̀tì sára bọ́dì. Wáyà tó bó, tó sì ń kan irin, á ṣe ohun kan náà láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á. Ẹ yọ ọ́ kúrò lójú ìsopọ̀, kí ẹ tún ta kíìkì. Tí iná bá wá, kọ́ìlì ò jẹ̀bi.

Ó wá ku kọ́ńtáàtì. Ẹ ṣí ìdérí apá òsì, ẹ ó rí i láti ojú ihò ara mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹ yí mágínẹ́ẹ̀tì sápá òsì, ní òdìkejì bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, títí ẹnu kọ́ńtáàtì á fi là tán. Ẹ ká sáńpépà 600 sí méjì, ẹ rọra fi há ẹnu méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa fa bébà mímọ́ tí ẹ ti ki bọ epo gba àárín wọn títí kò fi ní jáde ní dúdú mọ́. Ẹyọ eruku sáńpépà kan ṣoṣo tó kù síbẹ̀ tó láti dí iná. Àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.3 sí 0.4 mm, 0.35 ni kí ẹ fi sí.

Tí ẹnu kan bá ti yọ góńgó, tí èkejì sì jin kòtò, tàbí tí kọ́ńtáàtì fúnra rẹ̀ ń ta iná ńlá nígbà tó bá ń là, kọndẹ́ńsà, agolo kékeré tó ń gba iná mọ́ra kí ẹnu kọ́ńtáàtì má bàa jó, ti kú. Ẹ pààrọ̀ òun àti kọ́ńtáàtì pọ̀. Tí òróró bá ń ta sí i látẹ̀yìn mágínẹ́ẹ̀tì, síìlì, rọ́bà tó ń dí òróró mọ́ inú ẹ́ńjìnnì, ló ti gbó. Bí ẹ bá nù ún nígbà ogún, á tún padà rin.

Àsìkò tí iná ń ta ló kù. Mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò á tàn yín jẹ níbí, torí wáyà mágínẹ́ẹ̀tì so ẹnu méjèèjì pọ̀, bó là bó pa dé, bákan náà ni mítà á kà á. Bébà sìgá ni kí ẹ lò. Ẹ fi há ẹnu kọ́ńtáàtì, ẹ máa rọra fà á bí ẹ ṣe ń yí mágínẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀. Ibi tó ti bọ́ gẹ́lẹ́ ni àmì F tó wà lára mágínẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ti ko ìlà ara ẹ́ńjìnnì lójú. Tó bá bọ́ kí F tó dé, àlàfo ti fẹ̀ jù, kíìkì á sì máa ta ẹsẹ̀ yín padà. Tí F bá kọjá kó tó bọ́, àlàfo ti há jù, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná, kò ní lágbára. Tí àlàfo bá pé 0.35 tí F sì jìnnà réré, irin kékeré tí wọ́n ń pè ní kíì, tó di mágínẹ́ẹ̀tì mú sára ọ̀pá ẹ́ńjìnnì, ló ti gé. Irin tí wọ́n fi ń fa mágínẹ́ẹ̀tì jáde ni kí ẹ lò; ẹ má gbé òòlù sún mọ́ ọn.

Èyí tó ń dáhùn láàárọ̀, tó ń kú lójú ọ̀nà nígbà tó bá gbóná, tó sì tún ń jí lẹ́yìn tó bá tutù, kọndẹ́ńsà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, torí owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Tí kò bá yí padà, ìgbà yẹn ni kí ẹ ra kọ́ìlì.