Bí a ṣe ń yẹ táyà wò kí a tó di ẹrù sọ́kọ̀

Àárọ̀ kùtù ni iṣẹ́ yìí, kí ọkọ̀ tó kúrò níbi tó sùn sí. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó débi fọ́kanáísà tó wà lẹ́nu ọ̀nà márosẹ̀ ti pẹ́, nítorí gééjì, ohun tí a fi ń wọn atẹ́gùn táyà, kì í ka táyà tó ti sáré bó ṣe yẹ. Mo ti rí awakọ̀ tí kò níye tó ń fi bàtà gbá táyà lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n á ní "ó le dáadáa," tí wọ́n á sì forí lé Ìbàdàn pẹ̀lú èèyàn méje nínú ọkọ̀. Bàtà ò lè mọ̀ ọ́n. Táyà tó yẹ kó gba 32 PSI (ìwọ̀n tí gééjì fi ń ka atẹ́gùn), tó jẹ́ pé 24 ló kù nínú rẹ̀, á ṣì le lẹ́nu bàtà.

Ẹ ra gééjì tiyín. Èyí tó gùn bíi bírò, tí igi pẹlẹbẹ máa ń yọ jáde nídìí rẹ̀, ni mo fẹ́ràn ju oní-bátìrì lọ, torí ọjọ́ tí a bá nílò bátìrì gan-an ló máa ń kú. Ẹ tún wá rúlà ọmọ iléèwé, ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo, omi ọṣẹ díẹ̀ nínú ike, àti tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ó tán.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Lára òpó tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́, ẹ máa rí ìwé pélébé kan tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Iye atẹ́gùn táyà iwájú, ti ẹ̀yìn àti ti sípíà wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, tí kò sì pẹ́ jù, iye kílò tí èèyàn àti ẹrù kò gbọ́dọ̀ kọjá lápapọ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹ fi fóònù ya á kó má bàa di wíwá. Bí pánẹ́bítà bá ti fi ọ̀dà bò ó, ẹ wo ẹ̀yìn ìdérí ojú táǹkì epo, tàbí inú ìwé tó bá ọkọ̀ wá. Ẹ má bi aládùúgbò tó ń wa irú ọkọ̀ yín: ọdún tí wọ́n ṣe tiẹ̀ àti rímù rẹ̀ lè má bá tiyín dọ́gba.

Ojú táyà kò ṣòro láti yẹ̀ wò. Ẹ ki igi ìgbálẹ̀ bọ inú ilà tó jìn jù, ẹ fi èékánná sàmì sí i, ẹ gbé e sórí rúlà. Tí kò bá ju mílímítà 1.6 lọ, táyà yẹn ti parí iṣẹ́. Òkè kékeré tó wà nínú ilà ni àmì rẹ̀, tí ojú táyà bá ti bá a dọ́gba, ẹ ò nílò rúlà mọ́. Èmi kì í jẹ́ kó débẹ̀. Tó bá ti ku 3 ni mo ń pààrọ̀, pàápàá tí òjò bá ti ń múra, nítorí inú ilà yẹn ni omi ń gbà jáde. Ẹ wọn ẹ̀gbẹ́ inú, àárín àti ẹ̀gbẹ́ ìta. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ ju èkejì lọ, aláínmẹ́ǹtì (kí wọ́n tún wíìlì tò kó dọ́gba) lẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó ra táyà tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tuntun náà á jẹ bákan náà. Ẹ fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ táyà kiri. Ibi tó bá wú bí kókó, tàbí tó sán tí wáyà ti ń yọjú, kò ṣe é lẹ̀. Àwọn kan máa ń fi gétà, ìyẹn awẹ́ táyà àlòkù, sí i nínú kó lè lò díẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi gétà sí táyà ọmọlanke tí wọ́n fi ń ta omi.

Ọjọ́ orí táyà ńkọ́? Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára ẹ̀gbẹ́ táyà, kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. Tí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tí ẹ ò bá rí nọ́ńbà mẹ́rin yìí lára ẹ̀gbẹ́ ìta, ẹ má ṣe sọ pé kò sí: ẹ̀gbẹ́ inú ló sábà máa ń wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ tan tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ ọkọ̀. Ọdún mẹ́rin ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó (FRSC) máa ń sọ fáwọn awakọ̀ pé kí wọ́n lo táyà mọ. Ọdún mẹ́rin yẹn, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á.

Ẹ̀yin tó ń ra táyà tòkunbọ̀, òfin kò gbà kí wọ́n kó táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré wọ Nàìjíríà, àmọ́ ó kún ọjà. Ẹlòmíì nínú wọn á ti fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ ilà rẹ̀ kó lè jìn, wọ́n á wá fi nǹkan dúdú kùn ún kó máa dán. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ilà: tí àmì kékeré inú rẹ̀ kò bá sí mọ́, wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ táyà Michelin ti kúrò ní Port Harcourt lọ́dún 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ dúró n'Íkẹjà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òkè òkun la gbójú lé. Táyà tuntun pàápàá, àwọn oníṣòwò kan máa ń ti ọ̀kan bọ inú èkejì kí kọ̀ǹténà lè gba púpọ̀. Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá ti wọ́, tàbí tó ní ibi tó ká, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Atẹ́gùn wá ni ibi tí gbogbo ayé ti ń ṣì í ṣe, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ táyà máa ń ní MAX PRESS 44 tàbí 51 lára. Òpin ohun tí táyà lè gbà nìyẹn. Kì í ṣe iye tí ọkọ̀ yín ń fẹ́. Ìwé ara òpó ilẹ̀kùn ló mọ ìyẹn. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ táyà Corolla dé 44 torí pé "ó wà lára ẹ̀." Ọkọ̀ ń ta lórí títì, àárín táyà ń jẹ, bó sì ṣe kan kòtò báyìí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gé.

Èkejì, táyà gbígbóná. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ sí 32 láàárọ̀, tí ẹ wà á dé Ṣágámù lọ́sàn-án, gééjì lè sọ pé 36 tàbí 38. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tó bá tú u wálẹ̀ sí 32 ló ń wá wàhálà, nítorí tílẹ̀ bá mọ́, tí táyà tutù, nǹkan bíi 27 ló máa kù níbẹ̀. Ẹ má tú atẹ́gùn táyà gbígbóná láéláé. Táyà tutù ni èyí tó ti dúró fún wákàtí mẹ́ta, tàbí tí kò tíì rìn ju kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ. Tí oòrùn bá sì ń pa ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn á ka ju èkejì lọ. Ìdí tí mo fi ní àárọ̀ kùtù nìyẹn.

Kí ló ń pa táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kéré? Gbogbo ìgbà tí wíìlì bá yí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tẹ̀, á tún nà. Títẹ̀ yẹn ń mú ooru wá, ooru ń tú rọ́bà kúrò lára wáyà inú rẹ̀, lórí eré ló sì ń bẹ́. Ẹrù tó wúwo ń mú kó tẹ̀ sí i, eré ń mú kó yára tẹ̀. Lóṣù kẹta ọdún 2016 tí James Ocholi, mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sọ pé eré àsápajúdé ló mú kí táyà bẹ́. Ọkọ̀ tó ń gbé mínísítà ni o.

Ẹ̀kẹta, fọ́kanáísà. "Ọ̀gá, ṣé kí n fún un ní 40?" Gbogbo ọkọ̀ ló ń fún ní 40. Ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ kó tó sọ tiẹ̀, kí ẹ sì fi gééjì tiyín wò ó lẹ́yìn tó bá ṣe tán, torí gééjì tiwọn ti ṣubú títí kò mọ ohun tó ń kà mọ́. Tó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà lẹ ti rí i pé táyà gbígbóná kò tó iye ara ilẹ̀kùn, ó ti kéré gan-an nìyẹn: ẹ fi kún un dé iye yẹn, kí ẹ fi 4 lé e, kí ẹ tún un wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ kán omi ọṣẹ sẹ́nu fáàfù kí ẹ tó dé e. Tó bá ń hó, ẹ pààrọ̀ fáàfù. Owó kékeré ni.

Ó ku ẹrù. Lára táyà 195/65R15 91H, 91 yẹn ni àmì ìwọ̀n ẹrù: kílò 615 ni táyà kan lè gbé tí atẹ́gùn rẹ̀ bá pé. Àwọn kan á wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, wọ́n á ní ọkọ̀ àwọn lè gbé 2,460. Wọ́n gbàgbé pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà lórí táyà, wọ́n sì gbàgbé pé ẹrù bọ́ọ̀tù kì í pín sórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ti ẹ̀yìn ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Iye kílò tó wà lára ìwé ilẹ̀kùn ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò. Ká ní 385 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àgbàlagbà márùn-ún, kílò 75 lẹ́nì kan: 375. Kílò 10 ló kù. Àpò omi píọ̀ wọ́tà kan nìyẹn. Ẹni tó wá di isu àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa sí bọ́ọ̀tù lẹ́yìn èèyàn márùn-ún, ó ti kọjá ààlà kó tó kúrò nílé. Àpò ìrẹsì tàbí sìmẹ́ǹtì, 50. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25, kílò 25. Tí ẹrù bá máa pọ̀, ẹ dín èèyàn kù, kò sí ọgbọ́n míì. Ẹ má fi atẹ́gùn wá àyè fún ẹrù: àfi tí ìwé ilẹ̀kùn bá kọ iye méjì, ọ̀kan fún ọkọ̀ tó fúyẹ́ àti ọ̀kan fún ọkọ̀ tó kún, ni kí ẹ lo èyí tó pọ̀. Ẹ gbé èyí tó wúwo sísàlẹ̀, kó fara ti ẹ̀yìn ìjókòó. Èmi kì í di nǹkan kan sórí ọkọ̀ kékeré.

Onídáńfó, táyà tiyín gbọ́dọ̀ ní C (àmì táyà ọkọ̀ tó ń gbẹ́rù) lẹ́yìn ìwọ̀n rímù, bíi 195R15C 106/104. 106 yẹn jẹ́ kílò 950; 104, tó jẹ́ 900, wà fún táyà tó bá jẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "15 ni, 15 náà ni" kọ́. Táyà Camry lè wọ rímù bọ́ọ̀sì, àmọ́ kò lè gbé bọ́ọ̀sì.

Ẹ má gbàgbé sípíà. Èyí tó tínrín, tó sábà máa ń gba 60 PSI, kò gbọ́dọ̀ sáré ju kìlómítà 80 ní wákàtí lọ, ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà tó bá sún mọ́ jù ló sì ń lọ. Nígbà tí ẹ bá ń dì í, ẹ má dì nọ́ọ̀tì yípo: ẹ dì ọ̀kan, kí ẹ bọ́ sí èyí tó kọjú sí i. Tí ọkọ̀ bá ti rin nǹkan bíi kìlómítà 50, ẹ dúró síbi tó láàbò, kí ẹ tún fi súpánà dì wọ́n le.