Kí ẹ tó kó kúrò ní London lọ wáṣẹ́ ní Lisbon

Àwọn èèyàn wa tó ń pè mí láti London, ohun kan náà ni wọ́n sábà máa ń bi mí: ṣé lóòótọ́ ni ara ń rọ èèyàn ní Pọ́túgàlì? Ara ń rọni. Ẹja tútù kún ọjà, oòrùn sì lè máa ràn títí wọ oṣù Kẹwàá. Owó iṣẹ́ ló kéré. Ní ọdún 2026 yìí, 920 yúrò ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àjèjì kọ́kọ́ máa ń rí, iye yẹn gan-an ni wọ́n ń san. Ní Britain, láti oṣù Kẹrin 2026, pọ́n-ùn 12.71 ni owó wákàtí kan tó kéré jù fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21. Ẹ fi wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ṣírò rẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì pọ́n-ùn lóṣù kí wọ́n tó yọ nǹkan kan níbẹ̀. Bí ẹ bá jẹ gbèsè ní London, tàbí tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù fún ìyá àti àbúrò, ẹ fi yúrò ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo ti mọ èyí kí n tó wá, mo sì wá, torí ibí ni iṣẹ́ gbé ọkọ mi wá. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé owó kékeré tó ní ìwé àdéhùn lẹ́yìn yàtọ̀ pátápátá sí owó kékeré tí kò ní in. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi jù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìwọlé. Pásípọ́ọ̀tù Britain kò fúnni láyè láti ṣiṣẹ́ níbí mọ́ látìgbà tí Britain ti jáde kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ẹ lè fi wá kí ìlú fún 90 ọjọ́ nínú 180, àmọ́ kò sí iṣẹ́ ṣíṣe nínú rẹ̀. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà pẹ̀lú ìwé ìgbélùú Britain tí kò lópin, ìwé yẹn kò ṣílẹ̀kùn Pọ́túgàlì fún un, fìsà ló máa gbà. Kó sì ṣọ́ra gidigidi: bó bá lo ju ọdún méjì lọ láìfẹsẹ̀ kan Britain, ìwé náà lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìwé tí ẹ fi òógùn ojú gbà ṣòfò nítorí oòrùn.

Èmi gba ẹ̀yìn ọkọ mi wọlé ní 2023. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ní orílẹ̀-èdè Benin, ọmọ ìlú Faransé sì ni lórí ìwé, nítorí náà òfin Yúróòpù fún mi láyè láti tẹ̀ lé e kí n sì ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn ti há ju ti àtijọ́ lọ. Tẹ́lẹ̀, èèyàn lè wọlé bí àlejò, kó rí iṣẹ́, kó máa san owó Segurança Social, àjọ ìjọba tó ń rí sí owó àìsàn àti owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, kó sì fi ìyẹn tọrọ ìwé ìgbélùú. Manifestação de interesse ni wọ́n ń pè é. Oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni ìjọba ti ilẹ̀kùn yẹn. Fìsà ìwáṣẹ́ tó ń fúnni ní 120 ọjọ́, tí wọ́n sì lè fi 60 kún un, òfin tuntun ti oṣù Kẹwàá 2025 ti fi mọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ìmọ̀ iṣẹ́ gíga. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín lórí WhatsApp pé "ẹ ṣáà wọlé ná, nǹkan á tò", ọ̀rọ̀ àná ló ń sọ. Ẹ wáṣẹ́ láti London, kí ẹ gba àdéhùn, kí ẹ fi àdéhùn náà gba fìsà iṣẹ́ kí ẹ tó gbéra. AIMA, ilé iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ àjèjì tó rọ́pò SEF àtijọ́ ní oṣù Kẹwàá 2023, ló ń fúnni ní káàdì ìgbélùú lẹ́yìn tí ẹ bá dé. Ẹ ní sùúrù fún wọn, èrò pọ̀ níbẹ̀.

Nọ́ńbà méjì lẹ máa kọ́kọ́ wá. NIF ni nọ́ńbà owó orí, òǹkà 9 ló ní, Finanças, ilé iṣẹ́ owó orí, ló ń fúnni. Ẹ óò gba senha, ìwé péńpé tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, ẹ óò sì jókòó títí yóò fi kàn yín. Gbogbo ènìyàn ló ń béèrè NIF, kódà ọmọbìnrin tó ń gbowó ní ilé ìtajà á wojú yín, á ní "Contribuinte?", NIF yín ló ń béèrè yẹn, kó tó tẹ rìsíìtì. Ìkejì ni NISS, nọ́ńbà Segurança Social, òun ní òǹkà 11. Bó bá jẹ́ àdírẹ́sì London lẹ fi gba NIF, ẹ tètè yí i padà tí ẹ bá ti rílé, torí lẹ́tà ni Finanças fi ń fi páásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́. Tèmi lọ sí Camberwell, àbúrò mi ló bá mi ya fọ́tò rẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àdéhùn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí, títún yàrá ṣe ní ilé ìtura kan ni. Ọ̀gá náà lẹ́nu dídùn. Ó ní kí n lọ forúkọ sílẹ̀ ní Finanças gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, kí n máa kọ recibo verde fún òun ní ìparí oṣù. Rìsíìtì aláwọ̀ ewé ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òun á máa fún mi ní 850 yúrò, òun ò ní yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀. 760 ni òfin sọ lọ́dún náà, mo wá rò pé mo ti rí ṣe.

Oṣù Kejìlá lojú mi tó là. A wà ní yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, obìnrin ará Cape Verde kan tí a jọ ń tún àjà kẹta ṣe tẹ́ ìwé owó oṣù rẹ̀ sórí itan, ó ń fi ọwọ́ ṣíbí tó fi ń jẹ ìrẹsì tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Owó oṣù, 760. Owó oúnjẹ. Subsídio de Natal, owó Kérésìmesì, 760 mìíràn. Nísàlẹ̀, ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún tí Segurança Social yọ. Ó ní, "Tìrẹ dà?" Mo na fóònù mi sí i. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀, 850 nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, bó o bá ṣàìsàn lọ́la, ta ni yóò sanwó fún ọ?"

Ẹ wo ìṣirò náà. Ẹni tó ní àdéhùn ń gba owó oṣù 14 lọ́dún: méjìlá tó fi ṣiṣẹ́, ọ̀kan fún ìsinmi, ọ̀kan fún Kérésìmesì. 760 lọ́nà 14 jẹ́ 10,640 kí wọ́n tó yọ ìdá 11 yẹn. 850 tèmi lọ́nà 12 jẹ́ 10,200, ọjọ́ tí n kò bá sì lọ síbi iṣẹ́, kò sí owó. Òun ní ọjọ́ iṣẹ́ 22 fún ìsinmi lọ́dún tí owó ń wọlé, ọ̀gá rẹ̀ sì ń fi 23.75 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ lé e fún Segurança Social lápò ara rẹ̀. Èmi, lẹ́yìn oṣù 12 àkọ́kọ́ tí wọ́n dárí rẹ̀ jini, èmi fúnra mi ni n óò máa san án: 21.4 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìdá 70 owó tó wọlé. Nínú 850, ó ń lọ sí 127 yúrò lóṣù.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ lóòótọ́, tó ní oníbàárà mẹ́ta mẹ́rin, recibo verde dára fún un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀gá ló ń sọ wákàtí tí ẹ máa dé, tó jẹ́ ibi tirẹ̀ àti irinṣẹ́ tirẹ̀ lẹ ń lò, tó sì ń san iye kan náà lóṣooṣù, òfin iṣẹ́ ibí kà yín sí òṣìṣẹ́ rẹ̀, ohun yòówù kí rìsíìtì máa jẹ́. ACT, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ òfin iṣẹ́, ni ẹ lè fẹjọ́ sùn. Ẹ tún mọ èyí: àdéhùn tó ní ọjọ́ ìparí gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Bí kò bá sí lákọsílẹ̀, òfin gbà á sí àdéhùn tí kò lópin. Nítorí náà, ẹ tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọ̀gá bá fi ránṣẹ́ àti rìsíìtì gbogbo owó tó bá wọlé, kí ẹ lè ní ẹ̀rí.

Nígbà tí wọ́n bá dárúkọ owó fún yín, ẹ béèrè bóyá bruto ni, ìyẹn iye kí wọ́n tó yọ nǹkan, àbí líquido, ìyẹn iye tó máa wọlé gan-an, kí ẹ sì béèrè bóyá duodécimos wà nínú rẹ̀. Duodécimos ni pé wọ́n gé owó ìsinmi àti ti Kérésìmesì sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń fi lé owó oṣooṣù. 920 tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí á di 1,073, ọ̀gá á sì máa fọ́nnu pé òun ń san ju 1,000 lọ, bẹ́ẹ̀ owó tó kéré jù náà ló ń san. Nínú 920 gan-an, Segurança Social á yọ 101.20, kò ní sí owó orí lórí rẹ̀, 818.80 á wọlé. Owó oúnjẹ kì í ṣe dandan fún ilé iṣẹ́ aládàáni àfi bó bá wà nínú àdéhùn, ẹ rí i dájú pé ó wà níbẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè mú yín wọ àwọn ilé iṣẹ́ ìdáhùn fóònù ní Lisbon, àti àwọn ilé ìtura Algarve, etí òkun ìhà gúúsù, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọn kì í nílò èèyàn púpọ̀ bí òtútù bá dé. Èmi ti tọ́jú arúgbó ní London rí, nítorí náà ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, lar ni wọ́n ń pè é, ni mo lọ nígbà tí mo kúrò ní ilé ìtura yẹn, lẹ́yìn tí mo ti lè sọ èdè Potogí díẹ̀. Ìyá àgbà tó ń jẹ̀rora kò ní fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ibi tó ń dun òun. IEFP, ilé iṣẹ́ ìjọba fún ìwáṣẹ́, ní kíláàsì ọ̀fẹ́ fún àjèjì, ẹ béèrè fún Português Língua de Acolhimento. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ kò lè ṣiṣẹ́ láìforúkọ sílẹ̀ ní Ordem dos Enfermeiros. Ẹ rántí pé àwọn nọ́ọ̀sì tiwọn náà ti kó lọ sí Britain rí nítorí owó.

Ilé ló ń jẹ owó jù. Ẹ má wá yàrá sí àárín Lisbon. Káàdì ọkọ̀ tó ń jẹ́ Navegante, 40 yúrò lóṣù, ń gbé èèyàn káàkiri gbogbo agbègbè ìlú náà, nítorí náà Odivelas tàbí Amadora kò jìnnà.

Lẹ́yìn oṣù kan tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ wọ Segurança Social Direta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀gá yín ti kọ owó oṣù yín síbẹ̀, iye tó wà nínú àdéhùn gan-an. Tó bá sì di ọjọ́ kẹẹ̀dógún oṣù Kejìlá, ọjọ́ tí òfin ní kí owó Kérésìmesì ti wọlé, ẹ wo àkáǹtì yín. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí kò sì sí duodécimos nínú àdéhùn yín, ẹ lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ náà, kí ẹ mú ìwé àdéhùn dání.